Ìpàdé àwa oní-náìtì, Sátidé yìí

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé tá a ń ṣe náìtì ní fámásì ọsibítù, a máa ríra ní Tanke, n'Ílọrin, lọ́jọ́ Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó jáde náìtì láàárọ̀ lè ti sùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ potassium chloride ni o, oògùn oníyọ̀ tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi kí wọ́n tó fà á sí iṣan aláìsàn. Lóru ìjẹta, aago 3 ti kọjá, ojú mi ń ṣe bàìbàì, nọ́ọ̀sì kan sáré wá gbà á, mo ti nawọ́ ẹ̀ sí wọn kí n tó rántí bi wọ́n pé omi mélòó ni wọ́n fẹ́ pò ó mọ́, torí tí wọ́n bá fà á sí iṣan bẹ́ẹ̀ láìpò ó, ọkàn lè dúró. Àyà mi ṣì ń já. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà, tètè wọkọ̀ o, èmi ni màá ra wàrà.