Ẹ̀yin atẹ̀wé Abẹ́òkúta, ẹ wá kọ́ iṣẹ́ ìkànnì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí jíṣẹ́ fún àwọn atẹ̀wé ẹgbẹ́ mi, pàápàá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí, tí iṣẹ́ wa ń dín kù lójoojúmọ́. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí a máa ń tẹ̀ rẹpẹtẹ, orí WhatsApp ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ báyìí. Àlùmánáákì ẹgbẹ́ náà ti ń di ohun àná. Ẹni tó bá ń retí pé yóò padà, kò ní padà.

Èmi ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì, ìyẹn ojú ìwé tí à ń kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, ọmọ tí mo bí lọ́mọ ni. "Màmá" ló ń pè mí, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn gbà mí láyè: ó ní àfi kí n fi ọwọ́ ara mi kọ HTML kí n tó fọwọ́ kan èyí tí àwọn kan ti ṣe sílẹ̀. Ọlọ́run yóò bùkún un. HTML ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí. CSS ló ń sọ bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, àti àlàfo etí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti to lẹ́tà rí, kí ló ṣàjèjì níbẹ̀? Àwa ti ń fi ojú wọn nǹkan wọ̀nyí kí Tim Berners-Lee tó gbé àbá Web kalẹ̀ ní 1989.

Èdè wa gan-an nílò wa lórí ìkànnì. Ẹ ṣí èyí tí àwọn oníṣòwò wa ń lò wò lórí fóònù. Bí wọn kò bá bọ́ àmì dànù pátápátá, ẹ ó rí i tí àmì òkè inú orúkọ Abẹ́òkúta yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ń fà á ni pé Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní láti mú ẹ, kí ó gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí wọn kò sì ro ti Yorùbá nígbà tí wọ́n ń ṣe é kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Fọ́ǹtì Noto Sans tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó sì yẹ kí charset="utf-8", tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe ka àwọn nọ́ńbà Unicode, àti lang="yo", tó ń sọ pé Yorùbá ni èdè náà, wà lókè ojú ìwé. Síbẹ̀ mo ń rí àwọn tó gba owó gidi, tí wọ́n kọ "en", ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, sí ojú ìwé tó jẹ́ Yorùbá látòkè délẹ̀. Ó ń dùn mí.

Àyè àárín ìlà ló wá wù mí jù. Yorùbá ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Bí ìlà bá fún pọ̀, ẹsẹ̀ ọ tó wà lókè yóò máa gún orí ọ́ tó wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa àtijọ́ máa ń ki òjé pẹlẹbẹ sáàárín ìlà nítorí èyí. Line-height ni wọ́n ń pè é nínú CSS. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, bíi 1.2 ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fún un, 1.7 ni èmi ń fún Yorùbá. Nígbà tí mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń ka orúkọ aṣọ rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé e sún mọ́ ojú.

Ìlú yìí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ní èdè Yorùbá. Kò yẹ kí á jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà máa bá wa to lẹ́tà rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ti tó. Inú Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú kọ̀ǹpútà, ni a ti ń kọ ọ́, kò sì jẹ dátà títí ẹ ó fi gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ atẹ̀wé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé, kí á dáwó gba olùkọ́. Ilé ìtẹ̀wé wa ní Òkè-Ìlèwó ní jẹnẹrétọ̀ àti ìjókòó, ọ̀gá wa sì ti gbà kí á máa lò ó ní ọ̀sán Sátidé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Atẹ̀wé,
Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta.