Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Ọkàn Rẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Ó kù díẹ̀ kó o pé ogójì ọdún. Kí ọjọ́ ìbí yẹn tó kọjá, mo fẹ́ kó o lọ mọ bí ọkàn rẹ ṣe wà. Má sọ pé àìsàn àwọn bàbá àgbàlagbà ni. Kárí ayé, àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa obìnrin jù, kódà bí a bá kó gbogbo jẹjẹrẹ pọ̀, wọn kò tó o.

Oyún Kọ́ládé ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ru nígbà náà, purotéènì jáde nínú ìtọ̀ rẹ, wọ́n sì ní láti bá ọ gbé ọmọ jáde ní ọ̀sẹ̀ 34. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, gbogbo èèyàn ní ó ti tán. Kò tán. Obìnrin tí irú rẹ̀ bá ṣe, ewu àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ lọ́jọ́ iwájú tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ṣe, ewu kí ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ padà wá sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ inú ara máa ń pọ̀ sí i tó fi súnmọ́ ìdajì, iṣẹ́ ńlá gbáà sì nìyẹn fún ọkàn. Ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó lára iṣan ẹ̀jẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ń hàn. Ọ̀rọ̀ kan náà kan ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sókè nínú oyún, àti ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá kó tó pé ogójì ọdún.

Dókítà lè mú àtẹ WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ọdún 2019 jáde láti ṣírò ewu rẹ. Àtẹ náà ní ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́tọ̀. Ó ń béèrè ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, sìgá, àtọ̀gbẹ, òǹkà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, á sì sọ iye ewu rẹ nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé kò béèrè ọ̀rọ̀ oyún rárá. Obìnrin ogójì ọdún tí kò mu sìgá, tí kò ní àtọ̀gbẹ, máa bọ́ sórí àwọ̀ ewéko, ìyẹn pé ewu rẹ̀ kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Nítorí náà, ìwọ ni kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Bí káàdì ìtọ́jú oyún bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, mú un dání.

Kó o tó lọ, wọn ìfúnpá rẹ nílé. Ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè, má ra ti ọrùn-ọwọ́. Wé téèpù tẹ́lọ̀ yí àárín apá òkè rẹ ká, kó o fi wé iye sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n kọ sára aṣọ ẹ̀rọ náà kó o tó sanwó, torí aṣọ tó bá há mọ́ apá máa ń gbé òǹkà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárọ̀, lọ tọ̀ ná. Má tíì jẹun, má tíì mu kọfí, má tíì jẹ obì. Fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù. Wọ̀n ọ́n, dúró fún ìṣẹ́jú kan, tún un wọ̀n. Ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ náà, fún ọjọ́ méje. Yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, ro ìyókù pọ̀, kó o fi iye òǹkà tó ṣẹ́kù pín in. Bó bá tó 135 lórí 85, ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń ru. Bó o bá rí 180 lórí 120 tó ò sì rí kó wálẹ̀, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Àwọn tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá títì, tí èèyàn ṣì ń mí hẹlẹ, mi ò ka òǹkà wọn sí.

Wé téèpù yẹn yí ikùn rẹ ká ní àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tó o bá mí síta. Kó má kọjá 80 sẹ̀ǹtímítà. Ní láàbù, ní kí wọ́n wo ṣúgà òwúrọ̀ kó o tó jẹun, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, àti purotéènì inú ìtọ̀. Ṣúgà 100 sí 125 mg/dL jẹ́ ìkìlọ̀. Bó bá tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì tó bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Láàbù mìíràn ń lo mmol/L, ibẹ̀ ni 126 yẹn ti ń jẹ́ 7, nítorí náà wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kó o tó bẹ̀rù tàbí kó o tó yọ̀.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Giramu 5 ni ti àgbàlagbà lójúmọ́, ṣíbí tíì kan tí orí rẹ̀ tẹ́jú. Nǹkan bí ìdajì hóró mágì ló jẹ́ iyọ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ tó gba hóró mẹ́fà onígiramu mẹ́rin pẹ̀lú ṣíbí tíì iyọ̀ méjì ti ní giramu 22 nínú. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan, ó ti kọjá ìwọ̀n, a ò sì tíì ka búrẹ́dì. Kánún inú ewédú àti ẹ̀wà náà ní sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀. Rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, á rọ̀ láìsí i. Má dá iyọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan, ilé á kọ oúnjẹ. Máa yọ hóró kan lọ́sẹ̀ kan, kó o fi irú, àlùbọ́sà àti ẹfinrin dí i.

Rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, débi tó o lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ò lè kọrin.

Tó bá di ti oògùn, má gba hóró ìfètòsọ́mọbíbí tó ní ẹsitirójìn. Béèrè èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá tàbí sínú ilé ọmọ. Ibuprofen àti diclofenac tó o ń lò fún ẹ̀yìn dídùn máa ń gbé ìfúnpá sókè. Bó o bá ṣì fẹ́ bímọ, sọ fún dókítà, torí lisinopril àti losartan, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe oògùn aboyún. Má sì máa lo aspirin lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún ọ, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ikùn.

Àyà fífún ló wọ́pọ̀ jù nígbà tí ọkàn bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lára obìnrin ó tún lè jẹ́ èémí tó kúrú, èébì, òógùn tútù, àárẹ̀ tí kò nídìí, tàbí ìrora nínú ẹ̀yìn, apá tàbí àgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pè é ní ọgbẹ́ inú, tí wọ́n á mu oògùn inú, tí wọ́n á lọ sùn. Má sùn lé e. Jẹ aspirin 300 mg lẹ́nu bí ara rẹ kò bá kọ̀ ọ́, jẹ́ kí ẹlòmíì wa ọkọ̀, kó o sì ní kí wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, fún ọ ní kété tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ya àwòrán ìwé òǹkà ọjọ́ méje náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó o tó lọ rí dókítà.

Èmi ni,
Màmá rẹ