Ta ni wọ́n ṣe áàpù ọsibítù yìí fún gan-an?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ áàpù táwọn ọsibítù ń fi tipátipá gbé lé wa lọ́wọ́ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ yìí ni nọ́ọ̀sì kan dá màámi padà sílé, ó ní kò sí káàdì mọ́, orí fóònù ni kí wọ́n ti lọ gba ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà. Màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru! Wọ́n ní ká fi ọjọ́ ìbí sí i, kàlẹ́ńdà ló gbé jáde, ọdún tá a wà yìí ló sì ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa tẹ̀ padà sẹ́yìn títí tẹ́ ẹ máa fi dé 1951, bọ́tìnì tẹ́ ẹ ó sì máa tẹ̀ ọ̀hún ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ká tó débẹ̀, àsìkò OTP, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù pé ká fi wọlé, ti lọ, ó di ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá kọ "Invalid input" pupa. Kí ni kí màámi fi ìyẹn ṣe?

Kì í ṣe pé wọn ò mọ bó ṣe yẹ kó rí o. Láti 1954 ni Paul Fitts, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ti fi hàn pé bí ohun téèyàn fẹ́ fọwọ́ kàn bá ṣe kéré tó, tó sì jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa pẹ́ tó kọ́wọ́ tó bà á. Fred Davis, tó ṣèwádìí lórí báwọn èèyàn ṣe ń gba ẹ̀rọ tuntun lò, náà sọ ọ́ ní 1989 pé ohun táwọn èèyàn bá rí i pé ó wúlò, tí kò sì ni wọ́n lára, ni wọ́n máa ń gbà lò. Àwọn tó ń ṣe áàpù kà á nílé ìwé, wọ́n fi gba sáfíkéètì, tó bá wá kan ìlera aráàlú, wọ́n á dà á nù. Àwọn ọ̀gá tó ń fọwọ́ sówó ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti ya fọ́tò, ó parí, wọn ò jókòó ti àgbàlagbà kan rí kí wọ́n wo bó ṣe ń lò ó.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n tó gba áàpù kankan wọlé, kí wọ́n mú àgbàlagbà márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, kí wọ́n gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ti olówó ńlá o, irú èyí tójú ẹ̀ ti sán tá à ń lò nílé, kí wọ́n ní kí wọ́n gba ọjọ́. Kí ẹni tó ṣe áàpù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó panu mọ́, kó má júwe nǹkan kan fún wọn, kó kàn máa kọ ibi tí wọ́n bá há sí sílẹ̀. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí áàpù àti wẹ́ẹ̀bù ṣe máa rọrùn láti lò, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé èèyàn márùn-ún péré ti tó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù ẹ̀. Kí wọ́n lọ tún un ṣe, kí wọ́n tún pe àwọn márùn-ún mìíì. Èló ló máa ná wọn? Owó ọkọ̀ àti mínírà tútù kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ rárá, wọn ò ní jókòó ti àgbàlagbà kankan!

Kí wọ́n fi Yorùbá sí i, kó sì máa sọ̀rọ̀ jáde fẹ́ni tí ò mọ̀wé kà. Kí USSD, ìyẹn kóòdù téèyàn ń tẹ̀ láìlo íńtánẹ́ẹ̀tì, wà fáwọn tó ń lo fóònù kékeré. Kí wọ́n sì dá káàdì padà ná títí wọ́n á fi tún áàpù wọn ṣe.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.