Dúpẹ́, mọ́mì ẹ ti wọ gálárì o

Dúpẹ́ tèmi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ẹ mì? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò ṣe é sọ lórí fóònù, torí wàá ti máa pariwo kí n tó débi tó wà, ni mo ṣe jókòó tẹ̀ ẹ́.

Mọ́mì ẹ wà lára ògiri gálárì. Mi ò ṣeré o.

Ní Sátidé, àwọn ayàwòrán àdúgbò ní kí gbogbo èèyàn jáde, ká máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíì, ká máa wo iṣẹ́ ọnà, láti Ẹnuwà n'Ífẹ̀ níbí, níbi mùsíọ́mù, títí dé Arùbídì, níbi tí Ọlá Rótìmí tó ń kọ eré orí ìtàgé àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ń ṣeré ní ilé eré Orí Olókun láyé 1968. Mi ò bá má lọ, oòrùn mú, àmọ́ wọ́n ní zóbò ọ̀fẹ́ wà. Ilé onífọ́tò wa ní Ìlàrè, níbi tá a ti ya fọ́tò WAEC tó o di ojú yẹn, òun ni wọ́n sọ di gálárì tuntun. Wọ́n kùn ún funfun báláú, wọ́n gbé AC sí i, ọmọ kan wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan, níbi témi àti ìwọ ti ń da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀!

Bí mo ṣe gòkè báyìí, mọ́mì ni mo kọ́kọ́ fojú gán-án-ní. Wọ́n jókòó ti elúbọ́, kóńgò lọ́wọ́, gèlè ti wọ́ sápá kan. Ọmọ tó yà wọ́n ò lo ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù rárá, erùpẹ̀ pupa, èédú àti ẹlú ló fi ṣe é, ó ní àwọn Moyo Okediji, àwọn ayàwòrán tó dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní kámpọ́ọ̀sì yunifásítì wa níbí ní 1989, lòun ń wò kọ́ṣẹ́. Iye tó lẹ̀ mọ́ ọn? ₦450,000. Kò sì bi mọ́mì o, ó kàn ń jókòó sí ìsọ̀ kejì tó ń yà wọ́n jẹ́jẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnu mi ò lè dì. Mo lọ sọ fún wọn, ọjà dàrú. Wọ́n wé gèlè míì, ó di gálárì. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣé imú mi nìyí?" Ìgbà tí wọ́n wá rí iye owó ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. "Àwọn orí idẹ àtijọ́ tí wọ́n hú nílé Wúnmoníjẹ̀ n'Ífẹ̀ níbí ní 1938, ṣebí ọ̀kan wà ní London dòní, kí lẹni tó walẹ̀ rí jẹ níbẹ̀? Tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀!" Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní tó bá ti tà òun á fún wọn nínú ẹ̀. Ní báyìí gbogbo ọjà ló ti gbọ́ pé mọ́mì ń lọ òkè òkun láìwọ bàálù.

Títí bí ìbejì, ìyá Rẹ̀mí ti kó lọ sí Mọ́dákẹ́kẹ́, iná ò sí, èmi náà wà.

Àmọ́ wò ó, Dúpẹ́. Bùbá tó wà lọ́rùn wọn nínú àwòrán yẹn, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹ ni. O rántí bí télọ̀ ṣe ń tú apá ẹ̀ lóru torí pé kò wọ̀ wọ́n. Ní báyìí ó já sílẹ̀ léjìká, eegun ọrùn yọ síta. Mo ti ń bú ọmọ yẹn nínú pé kò mọ̀ọ́ yà, àfìgbà tí mọ́mì dúró ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn. Ó mọ̀ọ́ yà.

Mo bi wọ́n, wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ wo léèyàn ń gbà tó ń mu omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọn ò lè wọn kóńgò méjì fún oníbàárà kí wọ́n má sáré lọ tọ̀? Báyìí gan-an ni ti ìyá Títí ṣe bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé ìtọ̀ súgà ni. Mi ò sọ pé òun ni o. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí àwọn.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Má dárúkọ mi. Sọ pé lórí Facebook lo ti rí àwòrán yẹn, kó o wá sunkún díẹ̀, o mọ̀ ọ́n ṣe. Tí wọ́n bá ti gbà, èmi á bá wọn lọ sí ọsibítù ní Mọ́ńdè, wọ́n sì máa ń ní kéèyàn má tíì jẹun tó bá ń bọ̀, ibẹ̀ ni ààwẹ̀ wọn á ti wúlò.

Tó o bá sì fẹ́ ra àwòrán náà, tètè sọ, mo lè bá ọmọ yẹn ná an.

Èmi ni,
Ṣadé