Ẹ Kọ Déètì Sí I

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Láti oṣù tó kọjá ni méjì nínú àwọn ọmọ ọmọ mi kò ti kí ara wọn mọ́. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn ní pálọ̀ mi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju àwòrán àkọlé ìwé ìròyìn kan lọ, tí ọ̀kan nínú wọn fi sórí WhatsApp ẹbí wa: Bola Tinubu ń bẹnu àtẹ́ lu yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ẹni tó kọ́kọ́ pín in kiri ti gé ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kúrò. Èkejì ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n bú ara wọn títí di òru, kálukú ń pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹrú olóṣèlú.

Mi ò dá sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo fa páálí mílíìkì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Inú rẹ̀ ni mo ń kó àwọn ojú ìwé ìròyìn tí mo bá gé sí, láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tú u títí mo fi rí i. Òótọ́ ni. Oṣù Kínní ọdún 2012 ni.

Mo ti rí irú ìjà yìí rí. Ọmọ ọdún 17 ni mí lọ́dún 1965, ní Ìbàdàn, nígbà ìbò Ìwọ̀ Oòrùn tó bí wẹ́tìẹ̀. Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1949 ni bàbá mi ń kà. Sketch tí ìjọba Akíntọ́lá dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 ni àbúrò rẹ̀ ń kà. Agboolé kan ni wọ́n ń gbé, kànga kan ni wọ́n ń fà, àmọ́ ẹ ó rò pé ìlú méjì ni wọ́n ti jí láàárọ̀. Bàbá mi ní wọ́n jí ìbò. Àbúrò rẹ̀ ní àwọn jàǹdùkú ń dáná sun ilé. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì: wọ́n jí ìbò, wọ́n sì ń dáná sun ilé, wọ́n ń da epo sára ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ìròyìn tó ń wọ agboolé wa, mi ò rí èyí tó gbé òótọ́ méjèèjì fún wa papọ̀. Àbúrò bàbá mi kò jẹun nílé wa mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí mo dàgbà, inú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ti ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo ń kọ ìròyìn. Èmi ni mo ń ka ohun tí wọ́n bá kọ kó tó dé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí n mú àṣìṣe inú rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwé ìròyìn tó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan kì í sábà purọ́. Kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe? Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀rẹ́ olówó ilé iṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí ojú ìwé 17, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde òkú. Bí ó bá kan ọ̀tá rẹ̀, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni, wọ́n á sì wá fọ́tò ibi tó ti la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ẹni tiwa máa ń “ṣàlàyé”, ẹni tiwọn máa ń “wá àwáwí”. Àwọn tó ń wọ́de ta ko ìjọba tí a kò fẹ́ á jẹ́ “ará ìlú”. Bí ìjọba bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tiwa, àwọn kan náà á di “jàǹdùkú”. Irú ọ̀rọ̀ báyìí gba ọwọ́ mi kọjá láìmọye ìgbà. Sípẹ́lì wọn pé, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Raymond Dokpesi tó dá tẹlifíṣọ̀n AIT sílẹ̀, àgbà PDP ni kó tó kú lọ́dún 2023. Ìwé ìròyìn The Nation àti tẹlifíṣọ̀n TVC, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n mọ́ Tinubu. Lọ́dún ìbò 2015, AIT gbé fíìmù kan jáde nípa Tinubu, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù. NTA ní tirẹ̀, ẹni tó bá wà lórí àlééfà ló ni ín. Ẹ wá fi akọ̀ròyìn tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́fà kún un, tí ẹnì kan na ẹnfilóòpù sí níbi ìpàdé oníròyìn. Mi ò lè bú irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, torí mo mọ bí ebi ṣe rí nílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣọdún lọ́wọ́, ìjọba Goodluck Jonathan gbé lítà epo láti náírà 65 sí 141. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 9, èrò sì kún pápá Gani Fawẹ̀hìnmí ní Ọ̀jọ́ta fọ́fọ́. Tinubu, aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò ACN, gbé àtẹ̀jáde gígùn síta pé Jonathan ti da májẹ̀mú tó wà láàárín ìjọba àti ará ìlú. Muhammadu Buhari, tí òun náà ń wá ipò nígbà yẹn, ń béèrè pé ta ló ń ran ta lọ́wọ́ gan-an lórí epo. Ìjọba PDP ní owó náà kò ṣeé san mọ́, pé àwọn oníjìbìtì ló ń kó o jẹ, pé ọ̀nà àti ilé ìwòsàn ni àwọn fẹ́ fi ṣe. Ní ọjọ́ 16, wọ́n dín in kù sí náírà 97. Sójà sì gba Ọ̀jọ́ta.

Buhari wọlé ààrẹ lọ́dún 2015, lábẹ́ APC tí ACN ti wọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, lítà epo di náírà 145. Owó ìrànwọ́ tó béèrè pé ta ló ń gbà á, òun náà san án fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi tírílíọ̀nù náírà 3.36 sínú ìṣúná 2023 fún un, èyí tí kò kọjá oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, Tinubu gba ìjọba ní Eagle Square, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí iye tí NNPC kọ fún Èkó fi di náírà 488. Àlàyé tí PDP ṣe lọ́dún 2012 bọ́ sẹ́nu àwọn ọmọ ACN àná, ẹkún tí ACN sun bọ́ sójú PDP. Atiku Abubakar àti Peter Obi ti sọ nígbà ìpolongo pé àwọn náà á yọ ọ́. Nígbà tí Tinubu yọ ọ́ tán, wọ́n ní ọ̀nà tó gbà yọ ọ́ ni kò dára. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ òótọ́. Àmọ́ mélòó nínú yín tó ń pariwo ọ̀rọ̀ kejì ló rántí ti àkọ́kọ́?

Mi ò ní kí èèyàn má yí èrò padà o. Ṣùgbọ́n kó sọ ohun tó rí tó fi yí i. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti Kayode Fayemi, tó jẹ́ gómìnà Èkìtì lábẹ́ ACN lọ́dún 2012. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ní Àbújá, ó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, pé òṣèlú lásán ni. Mo gé e, mo kọ déètì sí i, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìyanṣẹ́lódì náà, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ọgbà, nílùú Èkó. Òun ò mọ̀ pé òṣèlú ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ epo ni.

Mo gbé ìyìn fún Fayemi tó sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jẹ́ sọ ọ́ láéláé. Síbẹ̀, ọdún 11 ló fi pẹ́ jù. Ẹ wá wo Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà. Ó ní kí wọ́n yọ owó yẹn lọ́dún 2012, ó sì ń sọ ọ́ lẹ́yìn tí Jonathan ti lé e kúrò níbẹ̀, títí ìjọba mìíràn fi yọ ọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá lọ́dún náà, inú bí mi sí i gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wá a, mo mọ ibi tí mo ti máa bá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọ̀rọ̀ olóṣèlú bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ náà: ṣé orí àga ni, àbí ìdí ilẹ̀kùn ló ti ń wo àga? Ẹ fi pamọ́, ẹ kọ déètì sí i. Kì í ṣe ti ẹni tẹ́ ẹ kórìíra nìkan. Ti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn gan-an ló ṣòroó gé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó wà nínú páálí mi èyí tí mo ti fẹ́ ya nígbà mẹ́ta. Bí ilé iṣẹ́ ìròyìn kan bá ń sọ ohun tó dùn mọ́ yín nínú lójoojúmọ́, ẹ lọ ka ti ẹgbẹ́ kejì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa wo ohun tí ọ̀kan kọ tí èkejì fi sílẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀.

Ẹ̀yin méjì tí mo ń bá wí, mo ń retí yín ní Sátidé. Ẹni tó ní irọ́ ni, òun ni yóò ka àtẹ̀jáde Tinubu ti 2012 sókè fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó gbé àwòrán wá, òun ni yóò ka ohun tí olóṣèlú tirẹ̀ ṣèlérí nígbà ìpolongo 2023. Èmi yóò ka Fayemi. Màmá yín ti ní òun á ro àmàlà, mo sì ti sọ fún un pé abọ́ kan ṣoṣo ni kó bù ú sí.

Bàbá yín àgbà,
Ìbàdàn.