Lẹ́tà sí sístà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ di kókó àdúrà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sístà mi. Mi ò ní dárúkọ yín níbí, orúkọ yín ti jáde lẹ́nu mi jù.

Ṣé ẹ rántí Sunday tí ẹ ń sunkún ní ọ́fíìsì pásítọ̀ lẹ́yìn ìsìn? Wọn ò ti ilẹ̀kùn dáadáa, èmi ni mo ń kọjá. Ohun tí mo rí ò ju pé ẹ ń nu ojú lọ, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ká ní mo gba ilé mi lọ ni, ó tán. Àmọ́ mo pàdé sístà kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà, ni mo bá ní ẹ jẹ́ ká máa rántí sístà wa nínú àdúrà o, ó jọ pé nǹkan ò lọ déédéé nílé wọn. Nílé yín! Ta ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ilé ni?

Òun náà fi fóísì nóòtì ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ó ní kó má sọ pé òun lòun sọ o, ẹni yẹn sọ fún ọkọ ẹ̀, ìgbà tó fi máa di Wednesday tá a wá ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi gan-an ni wọ́n ń bi pé ṣé mo ti gbọ́ pé ọkọ yín ti kó jáde. Mo pariwo háà! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tèmi ni, ó ti dàgbà kọjá kí n dá a mọ̀.

Ẹ bọ́ sí ìlà ẹ̀yìn nínú kwáyà. Àwọn tó máa ń dì mọ́ yín wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí yín bíi pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ ò mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín, torí náà ẹ ò rí ibi tẹ́ ẹ ti máa rojọ́. Nígbà tó yá ẹ ò wá mọ́. A tún fi ìyẹn náà ṣe kókó àdúrà.

Róòmù 1 tá a máa ń kà mọ́ àwọn ẹlòmíì, ẹsẹ 29 àti 30 ka asọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn mọ́ ìpànìyàn, a máa ń sáré kọjá níbẹ̀ ni. Àmọ́ Mátíù 18 ló là mí lójú. Tí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, kí ìwọ àti òun nìkan kọ́kọ́ sọ ọ́, tí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ìjọ ló wá kẹ́yìn. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ṣẹ wá rárá o! Síbẹ̀ inú ìjọ la ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì dé ọ̀dọ̀ yín títí dòní.

Títí di báyìí mi ò mọ ohun tó pa yín lẹ́kún. Ẹnì kan fẹ́ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó má sọ. Mo padà lọ bá sístà àkọ́kọ́ yẹn, mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ilé tí mo sọ, mo kàn hùmọ̀ ẹ̀ ni, ó ní òun ti gbàgbé. Àwọn yòókù ńkọ́, mi ò mọ iye wọn.

Ìta ni mo ti bà yín jẹ́, ìyẹn ni mo ṣe kọ èyí síta. Tí ẹ bá gbà, mo fẹ́ wá bá yín, èmi nìkan. Tí ẹ ò bá gbà, mo gbọ́.