Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ irú H àti irú N sínú ìròyìn fúlù adìyẹ

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá: nígbàkígbà tí ìròyìn bá dé pé fúlù ti wọ ọgbà adìyẹ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ irú H àti irú N tí fáírọ́ọ̀sì náà ní, kí ẹ sì máa bi àwọn aláṣẹ léèrè bóyá apanirun ni tàbí èyí tí kò le. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa a kọ ọ́ pé “àrùn adìyẹ tún ti dé”, wọn a sì fi mọ síbẹ̀. Ọlọ́sìn tó bá ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ẹyin rẹ̀ ni yóò kàn dín kù, tàbí bóyá gbogbo adìyẹ rẹ̀ ni yóò kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Purotéènì méjì tó yọ síta lára fáírọ́ọ̀sì fúlù ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún. H ni hemagglutinin, òun ló ń di ara sẹ́ẹ̀lì mú, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó kọjá, òun náà ló sì ń la ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé. N ni neuraminidase, tí ń gé ṣúgà tó bá di àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun mú nígbà tí wọ́n bá ń jáde. N yìí ni Tamiflu, oògùn fúlù, ń dá dúró. Irú H tó wà lára àwọn ẹyẹ kò dín ní 16, ṣùgbọ́n H5 àti H7 nìkan ló ń yí padà di apanirun láàárín adìyẹ.

Bí wọ́n ṣe ń yí padà ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ dáadáa. H kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹ́ńsáìmù kan (purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ) lára ẹran tó wọ̀ bá gé e sí méjì ní ojú kan pàtó. Nínú fáírọ́ọ̀sì tí kò le, amino acid (ègé kékeré tí a fi to purotéènì pọ̀) kan ṣoṣo tí à ń pè ní arginine ló sábà máa ń wà ní ojú ibẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó sì lè gé e, inú ọ̀nà èémí àti ìfun ló wà, nítorí náà àrùn náà kì í kọjá ibẹ̀: adìyẹ á máa sín, ẹyin á dín kù, ọ̀pọ̀ á sì yè é. Ṣùgbọ́n bí H5 tàbí H7 bá ti ń ràn láti ara adìyẹ kan sí òmíràn nínú ọgbà tí wọ́n há mọ́, àṣìṣe nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń da ara rẹ̀ kọ lè to arginine àti lysine (amino acid mìíràn) mélòó kan tẹ̀léra ní ojú yẹn. Furin, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó wà káàkiri ara, láti ọpọlọ dé ọkàn dé kíndìnrín, a sì máa gé irú ojú bẹ́ẹ̀. Báyìí ni àrùn ọ̀nà èémí ṣe ń di àrùn gbogbo ara. Ogbe adìyẹ á di aláwọ̀ aró, ojú rẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á hàn lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ rẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì ọ̀pọ̀ á sì ti kú.

Irú apanirun yìí, H5N1, ni wọ́n rí ní Jájí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù kejì ọdún 2006, ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó gbúròó rẹ̀ lára adìyẹ ní Áfíríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Àwọn kan lè béèrè pé kí ló dé tí kò pa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni a ń pa adìyẹ lọ́jà. Ara H náà ni ìdáhùn wà. Ṣúgà sialic acid tí H ń dì mú ní ọ̀nà méjì tó fi ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí fúlù ènìyàn ń wá ló kún imú àti ọ̀fun wa. Èyí tí fúlù ẹyẹ ń wá, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí. Nítorí náà, fúlù ẹyẹ kì í tètè mú ènìyàn, ẹni tó bá sì mú kì í sábà kó o ran ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń le gan-an. Láti ọdún 2003, àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà pé H5N1 mú lé ní 900, ó sì sún mọ́ ìdajì wọn tó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí tiwọn kò le lè máà dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n rí H5N1 lára màlúù oníwàrà ní Amẹ́ríkà; ṣúgà irú ti ẹyẹ pọ̀ nínú ọmú màlúù. Kí ọdún náà tó parí, àwọn onímọ̀ ní Scripps Research ní California fi hàn pé bí amino acid kan ṣoṣo bá yí padà lára H ti màlúù náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣúgà irú ti ènìyàn mú. Purotéènì nìkan ni wọ́n fi ṣe ìdánwò yìí, wọn kò lo fáírọ́ọ̀sì alààyè, àwọn ìyípadà mìíràn sì gbọ́dọ̀ wáyé nínú fáírọ́ọ̀sì kí ó tó lè máa ràn láàárín ènìyàn. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ bí àwa níbí kò bá máa yẹ H tiwa wò.

Agbára láti yẹ H wò bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, yàrá àyẹ̀wò ACEGID ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ka àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì kòrónà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àrùn náà wọ Nàìjíríà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Áfíríkà. Nítorí náà, kí oníròyìn yín má ṣe kàn tún ìkéde ìjọba kọ. Kí ó béèrè irú H tó jẹ́, irú N tó jẹ́, àti ohun tí wọ́n rí ní ojú ibi tí furin ń gé. Kí ó sì fi kún un fún àwọn ọlọ́sìn pé kí wọ́n ké sí dókítà ẹran kí wọ́n tó sin òkú adìyẹ tàbí kí wọ́n tó sáré ta ìyókù, nítorí pé ara àwọn adìyẹ yẹn ni wọn yóò ti gba ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn